Ìpìlẹ̀ Ni Kí Wọ́n Fi Hàn Wá, Kì Í Ṣe Ayẹyẹ

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ilé tí kálukú ń kọ́ fún ara rẹ̀, ilé ìjọba ni, èyí tí wọ́n ń fi owó gbogbo wa kọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ilé náà pàápàá, òrùlé kọ́ la fẹ́ sọ, ọ̀dà ara ògiri kọ́. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni, tí ojú kì í rí mọ́ bí wọ́n bá ti bò ó tán. Ibẹ̀ ni owó ìlú ti lè rì láìsí ẹni tó mọ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwa ará ìlú kì í ti í bèèrè ohunkóhun.

Ohun tí à ń sọ kò gùn. Kí ẹnikẹ́ni tó wá fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún ilé ìjọba ní kọmúùnù wa, kí ó kọ́kọ́ fi ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ ibẹ̀ hàn wá. Kí wọ́n sì tó fi kọ́ńkéré bo kòtò, kí wọ́n jẹ́ kí á rí ohun tí wọ́n fẹ́ bò. Ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ lásán lè rò pé àwa àgbà tó ti fẹ̀yìn tì kàn ń wá ọ̀rọ̀ sọ ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Òfin tí a fi dá orílẹ̀-èdè wa dúró, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ ọ́ ní abala rẹ̀ kìíní pé Porto-Novo ni olú-ìlú Benin. Ibẹ̀ ni àwọn aṣòfin ti ń jókòó, ààfin àtijọ́ tí àwọn gómìnà Faransé fi sílẹ̀ ni wọ́n sì lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣòfin 83 ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Láti ìbò ọdún 2023, wọ́n di 109. Aṣòfin kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́, ó ní ìwé, ó ní àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Torí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ilé tuntun kò tọ́ sí wọn. Àwa náà ò sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà ìjọba Ààrẹ Boni Yayi, ẹni tó wà lórí oyè láti ọdún 2006 dé 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ńlá kan fún ìgbìmọ̀ aṣòfin yìí, lẹ́bàá ọ̀sà Àjàṣẹ́. Gbọ̀ngàn ńlá máa wà níbẹ̀, ọ́fíìsì rẹpẹtẹ máa wà níbẹ̀. Wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn òpó kọ́ńkéré yọ sókè. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ dúró. Òpó wà níbẹ̀, irin yọ lórí wọn, koríko hù láàárín wọn, ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí ìjọba Ààrẹ Patrice Talon dé, wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, wọ́n yan ilẹ̀ mìíràn láàárín ìlú náà, wọ́n sì gbé àwòrán ilé tuntun fún Diébédo Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, ẹni tó gba ẹ̀bùn Pritzker ní ọdún 2022, tó sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ó fi ilé náà jọ igi ńlá tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti yanjú ọ̀rọ̀ ìlú. Iṣẹ́ ti ilẹ̀ tuntun yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021.

Ìyẹn dára, inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n èyí tó rì sẹ́bàá ọ̀sà ńkọ́? Àwọn kan ní owó ló tán, àwọn kan ní àdéhùn ni kò dára, àwọn kan ní ilẹ̀ ibẹ̀ ni, àwọn mìíràn ní òṣèlú ni. Ẹgbẹ́ kan ń tì í sí ẹgbẹ́ kejì lọ́rùn. Àwa ò sí nínú ìyẹn, torí ilé tí ìjọba kan bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba kejì sì fi sílẹ̀, owó kan náà ni, ti wa ni. Ohun tí à ń bi ara wa ni pé: gbogbo wa la gbọ́ nípa ayẹyẹ, gbogbo wa la rí àwòrán ilé aláràbarà; ta ni nínú wa tó rí ìwé tó sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí?

Ẹ má sì rò pé ọ̀nà Àjàṣẹ́ jìn sí wa. Odò Ouémé tó ń gba ìwọ̀-oòrùn wa kọjá, tí ẹni tó bá ti Ìdáàsà bọ̀ gbọ́dọ̀ gba orí afárá rẹ̀ kó tó dé Ṣábẹ̀ẹ́, òun náà ló ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ títí dé adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Odò tó gùn jù ní Benin ni, ó tó kìlómítà 510. Ní gbogbo àsìkò òjò, ó ń gbé iyanrìn àti ẹrẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Torí náà, díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀sà yẹn, ọ̀dọ̀ tiwa ló ti lọ.

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìpele ìpele ni. Iyanrìn lè wà lókè, kí ẹrẹ̀ dúdú wà lábẹ́ rẹ̀, kí amọ̀ rírọ̀ tún wà lábẹ́ ìyẹn. Omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Bí o bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, o ti kàn án. Bí a bá gbé ẹrù wíwúwo lé e, omi inú amọ̀ á máa fún jáde díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ á sì máa rì. Rírì nìkan kọ́ ló burú. Èyí tó burú ni pé kì í rì bákan náà níbi gbogbo. Igun kan á lọ sílẹ̀ ju igun kejì, ògiri á là. Àwọn baba wa ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ògiri ti ń kọ́ bí a ṣe ń lanu.

Báwo ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń ṣe é? Wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ ihò tóóró jinlẹ̀ ní oríṣiríṣi ibi lórí ilẹ̀ náà, wọ́n á fa ilẹ̀ jáde láti inú rẹ̀, wọ́n á kó o lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ bí a ṣe máa jìn tó ká tó kan ilẹ̀ líle, àti ìwọ̀n ẹrù tí ilẹ̀ náà lè gbé. Bí ilẹ̀ líle bá jìnnà, òpó kọ́ńkéré gígùn ni wọ́n á rì sísàlẹ̀ títí yóò fi kàn án, kí ilé lè gbára lé òpó, kó má gbára lé ẹrẹ̀. Wọ́n á máa fi ẹ̀rọ fa omi kúrò nínú kòtò. Wọ́n á so irin, wọ́n á sì fi àyè sílẹ̀ láàárín irin àti ilẹ̀ kí kọ́ńkéré lè bò ó dáadáa, torí omi ọ̀sà tí iyọ̀ òkun ń wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í fojúure wo irin. Bí wọ́n bá ń da kọ́ńkéré, wọ́n á bù nínú rẹ̀ sínú agolo kékeré. Ní ọjọ́ keje àti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fọ́ láti mọ bó ṣe lágbára tó. Gbogbo èyí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dáadáa: wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa tí a jẹun lẹ́nu iṣẹ́ ọba mọ̀ pé ohun tí a bá kọ sílẹ̀, ó ní ibi tó wà, ó sì ní ẹni tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí a bá sì sọ pé ká rí i, kì í ṣe pé à ń bèèrè ohun tí kò sí.

Ìdí tún nìyí tí dídá iṣẹ́ dúró láàárín ọ̀nà fi burú. Irin tó yọ síta á dípẹtà. Kòtò á kún fún omi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á rọ̀. Bí agbaṣẹ́ṣe mìíràn bá dé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kò sí bó ṣe lè fọkàn tán ohun tí kò ṣojú rẹ̀, pàápàá bí ìwé kò bá sí. Ó lè rọrùn fún un láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun níbòmíràn ju pé kó gbé ilé lé ìpìlẹ̀ tí kò mọ inú rẹ̀. Owó àkọ́kọ́ á wá di ẹrẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀.

Kì í ṣe pé kò ṣe é ṣe láti kọ́lé sí ibi omi o. Àwọn ará Ganvié lórí adágún Nokoué ti ń gbé lórí omi láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Igi ni wọ́n ń rì sínú ẹrẹ̀ títí yóò fi dúró gbọn-in, wọ́n á wá fi ilé fúyẹ́fúyẹ́ lé e. Wọ́n mọ ilẹ̀ wọn, wọn ò gbé ohun tí kò lè gbé lé e. Ní Ítálì, àwọn ará Pisa bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ ìjọ wọn ní ọdún 1173 lórí ilẹ̀ rírọ̀. Ilé náà kò tíì parí tó ti ń tẹ̀. Ní ọdún 1990 wọ́n tì í, wọ́n lo bí ọdún mọ́kànlá láti tún ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe kó má baà wó. Lónìí àwọn àlejò ń sanwó wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ta ló máa wá sanwó wo ilé mérì tó tẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́?

Ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ní Ìkòyí ní Èkó, ilé alájà 21 kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó lulẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Ó lé ní ogójì ènìyàn tó kú, òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ sì wà nínú wọn. Aláṣẹ ìjọba Èkó kan sọ nígbà náà pé àjà 15 ni wọ́n fún wọn láṣẹ láti kọ́. Kí ni ìyẹn kọ́ wa? Pé ìpìlẹ̀ àti ohun tó wà lórí rẹ̀ ní àdéhùn láàárín ara wọn. Iye ẹrù tí a bá sọ fún ìsàlẹ̀ pé yóò gbé, òun ni kó gbé. Bí ènìyàn bá yí i padà ní òkè láìsọ fún ìsàlẹ̀, ẹ̀mí ọmọlọ́mọ ló ń fi ṣeré.

Ó wá kan Ṣábẹ̀ẹ́. A mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ: “Ẹ̀yin ará òkè, àpáta ni ẹ jókòó lé, kí ló kàn yín kan ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀?” Lóòótọ́, orúkọ ẹ̀ka ìjọba wa gan-an, Collines, òkè ló túmọ̀ sí. Àpáta wa ni àlejò ń kọ́kọ́ rí kó tó rí ilé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbẹ́ kòtò ilé ní ìlú yìí rí mọ̀ pé àpáta kì í tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ ilẹ̀. Ó lè yọ síta lápá kan, kí ó sì wọlẹ̀ lọ jìnnà ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré sí i. Bí ilé bá gbé ẹsẹ̀ kan lé àpáta, tó gbé ẹsẹ̀ kejì lé ilẹ̀ tí wọ́n kó dí àfonífojì, ẹsẹ̀ kan á dúró, ẹsẹ̀ kejì á rì. Ilé bẹ́ẹ̀ á là láàárín ni. Bí ẹ bá tún kúrò ní ìsàlẹ̀ òkè, tí ẹ lọ sí etí Ouémé tàbí etí Okpara, ẹrẹ̀ tí à ń sọ yẹn náà wà níbẹ̀. Ibi gbogbo ní Ṣábẹ̀ẹ́ kọ́ ni ilẹ̀ líle, láti Kaboua dé Bèssé.

Torí náà, ilẹ̀ tiwa tilẹ̀ tún nílò àyẹ̀wò, torí ó ń tan ojú jẹ. Ẹni tó wà lẹ́bàá ọ̀sà mọ̀ pé ilẹ̀ òun rọ̀, ẹ̀rù á máa bà á. Àwa tí a rí àpáta níwájú wa, a ti fọkàn balẹ̀ kí a tó gbẹ́ ilẹ̀.

Ìwé òfin kò sí lẹ́yìn ẹni tó ń fi ìpìlẹ̀ pamọ́. Nínú ìwé òfin tí Faransé gbé jáde ní ọdún 1804, tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n kọ ọ́ pé bí ilé bá wó nítorí iṣẹ́ tí kò dára, tó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló fà á, ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ àti ẹni tó kọ́ ọ ni yóò dáhùn fún un títí di ọdún mẹ́wàá. Ẹ ò rí i pé láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé “ilẹ̀ ló fà á” kì í ṣe àwáwí? Iṣẹ́ ẹni tó gba iṣẹ́ ni láti mọ ilẹ̀. Nílé wa níbí, òfin 2020-26 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ló ń darí bí ìjọba ṣe ń gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti tún òfin kọmúùnù ṣe ní ọdún 2021, akọ̀wé àgbà tí wọ́n ń pè ní secrétaire exécutif ló ń fọwọ́ sí ìnáwó kọmúùnù, kì í ṣe olórí mérì mọ́. Nítorí náà, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa bi. Ẹ má lọ máa pariwo lé olórí mérì lórí nígbà tí ọwọ́ tó ń fọwọ́ sí ìwé wà ní yàrá kejì.

Àwọn kan lára wa ti ń sọ pé kọmúùnù wa kò lówó, pé àyẹ̀wò ilẹ̀ náà, owó ni. Òótọ́ ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n: owó àyẹ̀wò kéré gidigidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé, kò sì gbà ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ilé tí a pa tì, gbogbo owó rẹ̀ ló lọ, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà kò ṣe é lò fún nǹkan mìíràn mọ́ àfi tí a bá tún náwó wó o. Ẹni tí kò lówó gan-an ni kò gbọdọ̀ kọ́lé lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ẹnjiníà ni, kí ni àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà fẹ́ kà nínú ìwé bẹ́ẹ̀? Ẹ dákun, kò sẹ́ni tó ní kí ìyálọ́jà wá wọn irin. Ṣùgbọ́n ìyálọ́jà lè bèèrè ohun mẹ́ta tí kò ṣòro: Ṣé ẹ ti yẹ ilẹ̀ wò? Kí ni wọ́n rí níbẹ̀? Ta ló fọwọ́ sí i? Bí ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ kò bá lè fi èdè wa dá ìyálọ́jà lóhùn lórí mẹ́ta yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdáhùn.

Àwọn kẹta ní bí a bá ń bèèrè báyìí, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá máa sá fún wa, wọ́n á gbé e lọ sí ìlú mìíràn. A ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọgbọ̀n ọdún tí a fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá sá nítorí pé wọ́n bi í léèrè ìpìlẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa sá lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbé lọ bá ìgbìmọ̀ kọmúùnù nìyí, bí gbogbo wa bá fọwọ́ sí i.

Èkíní: kí ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ wà ní ilé mérì, kí wọ́n sì ka ohun tó sọ fún ará ìlú ní èdè wa, kí ọjọ́ ayẹyẹ òkúta ìpìlẹ̀ tó pé. Bí kò bá sí ìwé, kí ayẹyẹ má sí.

Èkejì: kí wọ́n fi ọjọ́ kan sílẹ̀ nígbà tí irin bá wà nínú kòtò, tí wọn ò tíì da kọ́ńkéré. Kí aṣojú àdúgbò, àwọn másọ̀n àgbà ìlú, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ náà wá wò ó, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Lónìí tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, àwòrán kò ná wa ní nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta: kí pátákó ibi iṣẹ́ kọ orúkọ ẹni tó yẹ ilẹ̀ wò pẹ̀lú orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye owó, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí.

Ẹ̀kẹrin: bí owó tí yóò gbé ilé dé òrùlé kò bá tíì dájú, kí wọ́n má gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Ilẹ̀ tí a kò gbẹ́ ṣì jẹ́ oko. Kòtò tí a gbẹ́ tí a fi sílẹ̀, ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí ni, ibi tí ọmọ kékeré lè rì sí ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Àwọn tó ń kọ́lé ìjọba lónìí ti dàgbà. Ẹ̀yin lẹ máa jókòó nínú rẹ̀ ní ogún ọdún sí i, ẹ̀yin lẹ sì máa san gbèsè rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí àwa lè ṣe ni pé ká sọ ọ́ jáde, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká sì bá yín lọ sí ilé mérì lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ bèèrè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìlù àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá dí yín lójú. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣí kòtò náà, kí gbogbo wa wò ó.

Ṣábẹ̀ẹ́ á gòkè o.